Fóònù Tí Omi Kì Í Wọ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Amòòkùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ní ojú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín, òǹkàwé kan láti Jos béèrè irú ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tí òun lè rà láti máa fi ṣírò ìmòòkùn òun kí òun tó wọ omi, kí òun sì máa fi ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí òun bá jáde. Ó ní wọ́n fi Palm tòkunbọ̀ kan, kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ ayé àtijọ́, lọ òun, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ òun ní kí òun má wulẹ̀ dààmú, kí òun lo fóònù. Ìdáhùn tí ẹ fún un kò ju ìlà mẹ́ta lọ: kó ra fóònù èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ IP68 sí, kó gbé áàpù ìmòòkùn sórí rẹ̀, kó sì máa gbé e wọ omi. A kò bá yín jà o. Àmọ́ ìlà kẹta yẹn yóò ba fóònù rẹ̀ jẹ́, ìlà kejì, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ láìṣàlàyé, lè ba òun fúnra rẹ̀ jẹ́.

(Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: amòòkùn tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe amòòkùn-jalè. Ẹni tó pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tó ń tẹnu mí lábẹ́ omi ni.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ IP68 kúrò nílẹ̀. 6 tó wà níbẹ̀ ń sọ pé eruku kò ní wọlé. 8 ń sọ pé ẹ̀rọ náà lè wà nínú omi tó jìn ju mítà kan lọ, dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá fọwọ́ sí. Ìwọ̀n yẹn gan-an ló yẹ ká kà. Ọ̀pọ̀ Samsung, mítà 1.5 fún ìṣẹ́jú 30 ni. iPhone láti orí 12 wá, mítà 6 fún ìṣẹ́jú 30. Omi tí kò níyọ̀, tó dúró jẹ́ẹ́, ni wọ́n sì fi dán an wò. Ẹni tó wà ní mítà 18, ìfúnpá tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti òkè omi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dí etí fóònù kò mọ irú ìyẹn rí. Bí fóònù náà bá ti já bọ́ rí, tàbí tí wọ́n ti ṣí i láti pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú tòkunbọ̀, kí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò rí IP68 lára rẹ̀ rárá. Ká tiẹ̀ ní omi kò wọ̀ ọ́, ojú fóònù kì í dá ìka mọ̀ lábẹ́ omi, nítorí omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún abẹ́ omi wà: Apple Watch Ultra tó jáde ní 2022, fún àpẹẹrẹ, ní ohun tó ń wọn jíjìn dé mítà 40. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ni ìyẹn ń gbé, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó Palm tòkunbọ̀.

Iṣẹ́ méjì péré ni ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ ní: ìṣirò kí a tó wọ omi, àkọsílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jáde. Láàárín méjèèjì, inú àpò gbígbẹ ló ń sùn. Lábẹ́ omi, kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ (èyí tó ń ka jíjìn àti ìṣẹ́jú fún amòòkùn), gééjì sílíńdà àti wàláà ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wàláà: pátákó ike kékeré tí a ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí nínú omi. Àwọn tó bá lọ ilé kéwú kò ní rí i bí ohun àjèjì. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí arákùnrin yẹn bi ẹni tó ń tajà kì í ṣe “ṣé omi kì í wọ̀ ọ́?” Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni bóyá áàpù tí yóò gbé sórí ẹ̀rọ náà ń jẹ́ kí òun sọ fún un pé Jos lòun wà, àti bóyá òun lè kó àkọsílẹ̀ òun jáde lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kú.

Kí ló kan Jos? Àwọn àtẹ ìmòòkùn tó wọ́pọ̀, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí a lè lò ní jíjìn kọ̀ọ̀kan, etí òkun ni wọ́n gbé ìṣirò wọn kà. A lè lò wọ́n láìyí nǹkan kan padà títí dé ibi tó fi mítà 300 ga ju òkun lọ. Ó kọjá ibẹ̀, ó dọwọ́ àtúnṣe. Abuja, Kano àti Kaduna ti kọjá 300. Jos wà ní nǹkan bíi mítà 1,200. Adágún Kainji ni kò ní wàhálà yìí, nítorí ojú omi rẹ̀ kò tó mítà 150.

Bí ibì kan bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ wá lórí ń fúyẹ́ sí i. Bí a bá pe ti etí òkun ní 1, ti Abuja jẹ́ nǹkan bíi 0.95, ti Jos nǹkan bíi 0.87. Náítírójìn tí ara fà mu lábẹ́ omi gbọ́dọ̀ jáde nígbà tí a bá ń gòkè, ìfúnpá tó kù lókè ló sì ń kó o níjàánu kó lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbi tí ìfúnpá yẹn bá ti kéré, náítírójìn á hó bí mínírà tí a jì kí a tó ṣí i. Ibi tó bá ti hó nínú ara, ìbáà jẹ́ oríkèé, ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ, ibẹ̀ ni yóò ti mú onítọ̀hún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú jíjìn tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ fi ìdá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pín in. Mítà 18 ní Jos: 18 pín sí 0.87 jẹ́ 20.7, ẹ pè é ní 21. Nínú àtẹ PADI, àjọ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, mítà 18 létí òkun fún yín ní ìṣẹ́jú 56 láìní dúró lọ́nà nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Kò sí ìlà 21 nínú àtẹ náà, a kì í sì í bọ́ sí ìlà tó kéré, ìlà tó tẹ̀ lé e là ń mú. Ìlà 22 ló kàn, ìṣẹ́jú 37 ló sì wà níbẹ̀. Ní Abuja, 18 pín sí 0.95 jẹ́ 19, ìlà 20 la máa lò, ó di ìṣẹ́jú 45. Omi kan náà, jíjìn kan náà, àmọ́ ìṣẹ́jú 19 ló wà láàárín ẹni tó sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní Jos àti ẹni tó gbé áàpù tí kò mọ̀ ju etí òkun lọ. Áàpù tí kò bá ní ibi tí a ti ń kọ gíga ilẹ̀ tàbí ìfúnpá ojú omi sí, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Ọ̀pọ̀ áàpù tó dára ló ń lo ìṣirò Bühlmann, tí wọ́n ń kọ ní ZH-L16. ZH dúró fún Zürich, 16 sì ni ìsọ̀rí tí ó pín ẹran ara sí. Albert Bühlmann, dókítà ará Switzerland, fi adágún orí òkè sínú iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí orí òkè ni omi wọn pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò rẹ̀ fi bá Jos mu ju àtẹ tó mọ òkun nìkan lọ. Kí ẹ kàn fún un ní nọ́ńbà tó tọ́.

Iyọ̀ náà tún ń bẹ. Omi odò fúyẹ́ ju omi òkun lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ tí a ṣètò fún òkun yóò pe mítà 10 inú adágún ní 9.7. Ìyẹn kò pani. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú níbẹ̀ ni òjé ìdí. Bí ènìyàn àti ẹrù rẹ̀ bá wọn kílò 100, yóò nílò òjé tó fi kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta dín sí ti òkun. Ẹni tó kó òjé tó lò nínú òkun Tarkwa Bay l'Ékòó wá sí Kainji yóò máa rì, yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣáá láti lè léfòó, afẹ́fẹ́ sílíńdà rẹ̀ á sì tètè tán. Nítorí náà kí áàpù àkọsílẹ̀ ní ibi tí a ti ń kọ irú omi àti ìwọ̀n òjé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ẹni tó bá lo Suunto Zoop tàbí Vyper wo ibi gíga ilẹ̀ rẹ̀: A0 ń lọ dé mítà 300, A1 láti 300 dé 1,500, A2 láti 1,500 dé 3,000. A1 ni Abuja, A1 ni Jos. Àwọn mìíràn ń wọn afẹ́fẹ́ fúnra wọn, ṣùgbọ́n òkè omi ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bẹ́ sómi kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó jí, tó jẹ́ omi ló jí i, irọ́ ni yóò gbé lọ sísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó jí lórí ilẹ̀, kí ẹ dúró kí ojú rẹ̀ yanjú. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé sí Jos, ẹ fún ara ní wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó wọ omi. Ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a ń ṣe ní mítà 5 létí òkun, ó di nǹkan bíi mítà 4.3 ní Jos. Bí ẹ bá ń gòkè, kí ẹ má yára ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Nínú ọkọ̀ òfurufú èrò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè dà bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 2,400. Ìmọ̀ràn tí DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò amòòkùn, fi síta ni pé ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan, tí kò sí ìdúró dandan lọ́nà òkè nínú rẹ̀, kó sinmi wákàtí 12 ó kéré tán kó tó fò. Ẹni tó ṣe ju ẹyọ kan lọ tàbí tó fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe é, wákàtí 18. Ẹni tó ṣe ìdúró dandan, kó kọjá 18 dáadáa. Gíga láti mítà 600 sókè ni ìmọ̀ràn náà wà fún, èyí tó fi jẹ́ pé ọ̀nà mọ́tò tó gòkè lọ sí Jos wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mòòkùn ní Kainji láàárọ̀, tó ń wakọ̀ lọ Jos lọ́sàn-án, ọkọ̀ òfurufú ló wọ̀ yẹn, àfi pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ilẹ̀. Kí áàpù tí ẹ bá yàn máa ka wákàtí láti ìgbà tí ẹ jáde, kó sì fi hàn yín láì jẹ́ pé ẹ ń wá a kiri.

Wàyí o, afẹ́fẹ́ sílíńdà. Ọ̀pọ̀ áàpù ni yóò ṣe ìṣirò yìí fún yín, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe lórí, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣìṣe. Sílíńdà alumíníọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù gba omi lítà 11.1. Bí a bá rọ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ dé báà 200 (báà ni ìwọ̀n ìfúnpá tí gééjì ń kà), afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2,220. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè omi yóò máa mí 50 ní mítà 15, nítorí ìfúnpá ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.5. Èló ni kó fi sílẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní báà 50. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ká ní afẹ́fẹ́ ẹnìkejì tán ní mítà 15, tí àwọn méjèèjì sì wá ń mí nínú sílíńdà kan pẹ̀lú ìjáyà, lítà 30 ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú kan láti fọkàn balẹ̀ nísàlẹ̀: 1 lọ́nà 2.5. Ìṣẹ́jú méjì láti gòkè: 2 lọ́nà 1.75. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5: 3 lọ́nà 1.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.5. Ẹ fi ìlọ́po 60 sí i, nítorí ènìyàn méjì ni: lítà 630. Ẹ pín in sí 11.1, ó di báà 57. Báà 50 kò tó. Ẹ mú 60. Ohun tó kù láti ná ni 140, lítà 1,554, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 31 ní mítà 15. Bí áàpù bá sọ 45 fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ kọ sí i.

Ohun tí ó sábà máa ń jẹ́ ni ìwọ̀n Amẹ́ríkà tó dà pọ̀ mọ́ tiwa. Gééjì tòkunbọ̀ lè jẹ́ psi, ìwọ̀n ìfúnpá ti Amẹ́ríkà: 3,000 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi báà 207. Ẹsẹ̀ bàtà 60 jẹ́ mítà 18. Ẹni tó kọ 3,000 síbi báà, áàpù yóò kígbe tàbí kó ní kó máa gbé abẹ́ omi títí ọdún yóò fi yípo, èyí rọrùn láti rí. Èyí tí kì í hàn ni ìwọ̀n sílíńdà: àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe sílíńdà kan náà yẹn ní 80, wọn kì í pè é ní 11.1. Bí áàpù bá ní “80” nínú àkójọ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ rí iye lítà tó kà á sí. Ṣe ni kí ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí mítà, lítà àti báà lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé áàpù náà sórí ẹ̀rọ, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ̀rọ wo wá ni kó rà?

Palm ní ẹ̀yẹ tirẹ̀. Láti 1996 tí àkọ́kọ́ wọn ti jáde, ojú wọn tí kò ní àwọ̀ máa ń hàn gbangba nínú oòrùn tó ń mú fóònù òde òní dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Palm III àti m100 ń lo òkúta kékeré méjì irú AAA tí ẹ lè rí ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní New Bussa, ìlú ẹ̀gbẹ́ Kainji. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: iyè inú àwọn Palm yẹn, iná ló ń mú un dúró. Bí òkúta bá kú tán, tàbí tí ẹ pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo àkọsílẹ̀ yóò pòórá. Palm V àti m500 pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀, bátìrì tiwọn sì wà nínú, ó sì ti gbó. Tungsten T5, E2 àti TX wà lára àwọn tí kì í gbàgbé. HP ra Palm ní 2010, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Wọn kò fi ètò tó ń jẹ́ kí okùn USB rẹ̀ bá Windows òde òní sọ̀rọ̀ síta. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta lè wà nínú ẹ̀rọ tí láptọ́ọ̀pù yín kò mọ̀ rárá. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kó rà á bí ohun ìṣeré. Fún àkọsílẹ̀ ẹ̀mí, a kò gbà á níyànjú.

Ẹ lè gbọ́ pé Palm dára torí pé ó ní infurarẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ bíi Uwatec Smart àti Galileo, iná yẹn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tajà á wá ní àwọn Infinix tàbí Xiaomi kan náà ní infurarẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní in lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń yí tẹlifíṣàn ni. Ó lè sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́. Kò sí ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ yín láé. Ẹni tó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kó wá ojú infurarẹ́ẹ̀dì kékeré tí a ń ki bọ ihò USB láptọ́ọ̀pù, kó sì fi fóònù ṣe ìyókù.

Èyí ló fà á tí a fi ń sọ pé kí ẹ yẹ kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ wò kí ẹ tó ra fóònù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Bluetooth ló ń lò, Android àti iPhone ló lè bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ okùn, Android nìkan ni kí ẹ wò, kó sì jẹ́ èyí tí ihò rẹ̀ ń gba USB wọlé. Bí ẹ bá lọ Banex ní Wuse 2 tàbí Farm Centre ní Kano, ẹ mú fláàṣì àti ìsopọ̀ kékeré rẹ̀ dání, ẹ ki í bọ fóònù náà níbẹ̀. Bí fáìlì inú fláàṣì bá yọ, ó dáa. Lẹ́yìn náà ẹ gbé fóònù náà jáde síta ní ọ̀sán gangan, ẹ gbé iná ojú rẹ̀ dé òpin, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ṣe é kà. Ẹ fi awò dúdú sójú, kí ẹ yí fóònù náà síbùú àti sóòró: àwọn ojú fóònù kan á di dúdú pátápátá lẹ́yìn awò. Ìdánwò méjì yìí ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Apple fúnra wọn ní ibi tó bá gbóná ju 35 lọ kì í ṣe ibi tí a ti ń lo iPhone. Ẹni tó bá mọ Kano ní Oṣù Kẹrin mọ̀ pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ ń kọjá 40. Fóònù tó bá gbóná á dín iná ojú rẹ̀ kù, á kọ̀ láti gba ṣáàjì, á sì paná. Inú ọkọ̀ títì kọ́ ni ibùgbé rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lábẹ́ omi. Kúlà tí kò ní yìnyín, lábẹ́ igi, ló dára. Kí ẹ má fi yìnyín sí i, nítorí bí ẹ bá yọ fóònù tútù sínú ooru, ìrì á sẹ̀ sí i nínú. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ihò ṣájà, eruku ọyẹ́ ló ń ba ihò yẹn jẹ́ ju omi lọ. Ẹ gbé páwà báǹkì dání, NEPA kò mọ ọjọ́ ìmòòkùn.

Fún áàpù, Subsurface la ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011, nítorí amòòkùn lòun náà. Ti fóònù wà fún àkọsílẹ̀ àti gbígba nǹkan láti inú kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́. Ti láptọ́ọ̀pù ní ibi ìṣirò tó kún, tó ń gba gíga ilẹ̀ àti irú omi. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ nílé níbi tí nẹ́tíwọ̀kù wà, ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfurufú, ẹ gbìyànjú láti kọ ìmòòkùn kan sí i. Bí ó bá ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kù nínú yàrá, yóò ṣiṣẹ́ ní etí Kainji. Lórí Android, bí ó bá tọrọ àyè láti mọ ibi tí ẹ wà, ẹ gbà fún un, àìgbà ni kì í jẹ́ kí Bluetooth rí kọ̀ǹpútà lórí àwọn fóònù kan.

Àkọsílẹ̀ gan-an: ọjọ́, ibi, aago ìwọlé àti ìjáde, jíjìn tó pọ̀ jù, gíga ilẹ̀, irú omi, ìwọ̀n sílíńdà, báà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, òjé, aṣọ, ẹnìkejì. Kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ yóò mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wá, kò mọ ìyókù. Kò mọ̀ pé àwọ̀n apẹja há síbi kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí ẹ kọ jù ní Kainji nìyẹn. Ẹ kọ bí omi ṣe mọ́ tó pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, nítorí omi Ọya ń yí padà lọ́dọọdún: omi òjò tiwa, tó kún fún ẹrẹ̀, ń dé láti nǹkan bí Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kọkànlá, omi tó mọ́, tó rin ìrìn jíjìn láti ìhà Guinea, ń dé láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ọdún méjì, àkọsílẹ̀ yín yóò sọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ẹ lọ fún yín. Ẹ kọ gbogbo odò tí kò níyọ̀ tí ẹ wọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà yóò fẹ́ mọ̀ ìgbà àti ibi, torí àtọ̀sí ajá wà nínú ọ̀pọ̀ omi ilẹ̀ Hausa. (Omi tí ìlú ń mu, bíi adágún Usuma ní Abuja, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó ronú kàn án. Àwọn ihò kùsà tó di adágún ní Jos náà, ẹ má dá wọ̀ ọ́.)

Aago ń dà á rú. Fóònù máa ń yí aago rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dé Íjíbítì tàbí Zanzibar. Kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́ kì í yí i. Ìmòòkùn méjì yóò wá dà bí ẹni pé wọ́n gun ara wọn, tàbí pé ẹ sinmi wákàtí mẹ́ta nígbà tó jẹ́ wákàtí kan ni. Ẹ yí méjèèjì sí aago ibẹ̀ ní alẹ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ sì yí wọn padà nílé.

Lóṣooṣù, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde ní fáìlì UDDF tàbí CSV, irú èyí tí áàpù mìíràn lè kà, ẹ̀dà kan sínú mẹ́mórì káàdì, ẹ̀dà kan sí ímeèlì yín. Áàpù tí kò bá lè kó àkọsílẹ̀ jáde, ẹ̀wọ̀n ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìmòòkùn, lẹ́yìn tí ìṣirò bá parí, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà márùn-ún sórí wàláà: jíjìn tí ẹ kò ní kọjá, ìṣẹ́jú tí ẹ óò yí padà, báà tí ẹ óò yí padà, báà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wà lókè, jíjìn ìdúró. Fún mítà 15 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan yẹn ní Jos, 15 pín sí 0.87 jẹ́ 17.2, ìlà 18, ìṣẹ́jú 56, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ 31 ló wà, nítorí náà 31 ni òfin. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni a ń kọ. Ẹnìkejì kọ tirẹ̀ sórí wàláà tirẹ̀, ẹ fi wé ara wọn, lẹ́yìn náà ẹ ki fóònù sínú àpò gbígbẹ. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Kí ẹni tó ti ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún má rò pé òun lè fò ó.

Ó ku Palm arákùnrin wa. Bí ó bá ti rà á kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó fi òkúta tuntun sí i lónìí, kó sì fi ọwọ́ da ohun tó bá ti kọ sínú rẹ̀ kọ sínú ìwé kan, kó tó gbé e kalẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn amòòkùn kan,
Kubwa, Abuja.